Lẹ́tà Kékeré Lábẹ́ Ọ̀pẹ

Inú agolo Bournvita ni ìyá bàbá mi kó wọn sí. Nígbà tí a ṣí i ní yàrá rẹ̀ ní Ìjerò, lẹ́yìn tí àwọn àlejò ìsìnkú ti lọ tán, òórùn àdí àti káńfọ̀ ló kọ́kọ́ jáde. Ṣílè mẹ́sàn-án wà níbẹ̀, owó ṣílè méjì-méjì mẹ́ta, sísì mẹ́rin, tọ́rọ́ kan ṣoṣo, àti ọ̀nìní rẹpẹtẹ tí wọ́n sín sí okùn. Àbúrò bàbá mi obìnrin ní kí n kó gbogbo rẹ̀ fún àwọn ọmọdé kí wọ́n fi ṣeré. Mo ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wò ó." Wọ́n ní, "Kí lo fẹ́ wò lára owó tí kò ṣeé ná?"

Mo mú ṣílè kan lọ sídìí fèrèsé. Ọba kan wà lójú kan, ó dé adé, ó dá irùngbọ̀n sí. Lójú kejì, igi ọ̀pẹ kan dúró gbọnrangandan, ọdún 1914 sì wà lára rẹ̀. Nísàlẹ̀ ọ̀pẹ náà, níbi tí ènìyàn ì bá ti máa wá gbòǹgbò, lẹ́tà kan wà tí kò ju ẹyọ iyanrìn lọ: H. Mo mú òmíràn, ti 1913. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ra ìwé àkọsílẹ̀ yìí.

*

Àwọn lẹ́tà náà kò pọ̀. H dúró fún Heaton, ìdílé alágbẹ̀dẹ owó ní ìlú Birmingham. KN ni Kings Norton Metal Company, Birmingham náà ni. G, tí a máa ń bá pàdé lórí owó ọdún 1920, ni J. R. Gaunt, àwọn tó ń ṣe bọ́tìnnì àti báàjì ṣọ́jà, Birmingham tún ni. Owó tí kò ní lẹ́tà kankan, Royal Mint, ilé ìrọwó ọba ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ló rọ ọ́.

Ẹnì kan bi mí pé kí ló dé tí ilé ọba kò fi kọ tirẹ̀ sí i. Mo ní kí ó ronú kan télọ̀ ńlá tí wọ́n kó aṣọ ẹbí fún. Bí iṣẹ́ bá pọ̀ jù ú lọ, yóò pín in fún àwọn télọ̀ mìíràn, yóò sì ní kí oníkálukú fi òwú tirẹ̀ sàmì sí ẹ̀yìn ọrùn aṣọ, kí òun lè mọ ẹni tí òun yóò bá wí bí ojú rírán bá tú. Èyí tí òun fúnra rẹ̀ rán kò nílò àmì. Bẹ́ẹ̀ ni H àti KN ṣe rí.

*

Owó tí kò ní lẹ́tà rí àti owó tí lẹ́tà rẹ̀ ti pa rẹ́, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà.

Ṣílè tó bá ti gba ọwọ́ ọlọ́jà fún 20 ọdún, ohun tó yọrí jù lára rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ jẹ: adé ọba, irùngbọ̀n rẹ̀, àwọn imọ̀ ọ̀pẹ. Lẹ́tà ìsàlẹ̀ máa ń pẹ́ díẹ̀. Bí H bá ń jẹ, igi àárín rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ lọ. Yóò wá ku òpó méjì lásán, bí ojú ọ̀nà ilé tí àtẹ́rígbà rẹ̀ ti wó. Mo ti rí ẹni tó kà á sí 11. Ti KN, ẹsẹ̀ K ló ń lọ, yóò ku ọ̀pá kan níwájú N. Ẹni tó bá ti rí méjì-mẹ́ta irú rẹ̀ kò ní ṣi í mú mọ́.

Bí mo ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò nìyí. N kì í tan iná sí i láti òkè. Mo máa ń dúró di alẹ́, mo máa ń fi tọ́ọ̀ṣì fóònù lélẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó náà, kí ìmọ́lẹ̀ máa rá lọ lórí rẹ̀ bí oòrùn àárọ̀ ṣe ń rá lórí oko. Ẹni tó bá jí lọ sóko mọ̀ pé lásìkò yẹn, ebè kékeré máa ń ní òjìji gígùn. Bí lẹ́tà bá ti wà níbẹ̀ rí, òjìji rẹ̀ yóò jáde ní ẹ̀gbẹ́ kan, bí kò bá tilẹ̀ jáde ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Mo ń yí owó náà díẹ̀díẹ̀. Ìgbà tí mo bá yí i ká tán, tí ibẹ̀ tẹ́ rọrọ láti ìhà gbogbo, ni mo tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé: Lọ́ńdọ́ọ̀nù.

*

Awò tí mo ń lò, ọ̀dọ̀ ọmọkùnrin kan tó ń ra òkúta ni mo ti yá a. Gbogbo ẹni tó mọ Ìjerò ló mọ̀ pé ilẹ̀ wa kò ṣófo. Tánganran wà níbẹ̀, tantalite àti columbite wà níbẹ̀, òkúta iyebíye tí wọ́n ń pè ní tourmaline náà wà níbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbẹ́ ẹ àti àwọn tó ń rà á máa ń ní awò kékeré kan tó ṣeé ká, tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po 10. Wọ́n ń gbé e sún mọ́ ẹyinjú pẹ́kípẹ́kí, wọ́n ń gbé òkúta sún mọ́ awò, wọn kì í mí títí wọ́n á fi rí ohun tí wọ́n ń wá.

Mo kó ṣílè 1919 méjì lé ọmọkùnrin yìí lọ́wọ́, n kò sọ nǹkan kan fún un. Ó yẹ èkíní wò, ó yẹ èkejì wò, ó tún padà sí èkíní. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èyí ní nǹkan nídìí, èyí kò ní." Òótọ́ ló sọ. Lọ́dún 1919, Lọ́ńdọ́ọ̀nù rọ lára ṣílè náà, Heaton rọ lára rẹ̀.

Mo rò ó títí nígbà tí mo ń lọ sílé. Ojú tó ń mọ òkúta gidi yàtọ̀ sí ìgò ti wà ní ìlú wa lọ́pọ̀ yanturu. A kò tíì fi í wo ohun tó wà nínú àpótí àwọn ìyá wa ni.

*

Ṣáájú 1913, owó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gan-an ni àwọn bàbá wa ń ná ní ṣílè: orí Fitóríà, orí Ẹ́dúwọ́ọ̀dù Keje. Bank of British West Africa, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1894, ló ń kó fàdákà náà wọlé láti Lọ́ńdọ́ọ̀nù gba Èkó. Ilé ìfowópamọ́ náà ṣì wà. Òun la ń pè ní First Bank lónìí. Lọ́dún 1912 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀, West African Currency Board, tí ìjókòó rẹ̀ wà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, láti máa ṣe owó kan náà fún Gáḿbíà, Sàró, Gold Coast tó di Gánà, àti Nàìjíríà. Ọdún kejì, 1913, ni ṣílè ọlọ́pẹ jáde.

Ogun Jámánì bẹ̀rẹ̀ ní 1914. Ọwọ́ ilé ìrọwó ọba dí. Gbogbo ṣílè fàdákà tí ó ti kọjá lọ́wọ́ mi láti 1915 títí dé 1918, H ló wà nídìí wọn, n kò tíì rí aláìlámì kankan láàárín ọdún mẹ́rin yẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ṣílè 1916 wá fún yín tí kò ní lẹ́tà, ẹ fi sábẹ́ iná lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó gbàgbọ́. Ó ṣeé ṣe kí ó ti jẹ. Ó sì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ayédèrú.

*

Ohun tó jọ mí lójú jù nínú agolo náà kì í ṣe lẹ́tà. Ọdún ni. Mo to gbogbo ṣílè sórí ẹní: 1913 méjì, 1914 méjì, 1916, 1917, 1918, 1919 méjì. Ó dúró síbẹ̀. Kò sí 1920, kò sí 1923, kò sí 1936. Gbogbo wọn funfun. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ṣílè onídẹ tó tẹ̀ lé wọn pọ̀ ju fàdákà lọ, òun ni wọ́n sì ń ná lẹ́yìn náà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Nínú ìdá 1000 ṣílè àkọ́kọ́, ìdá 925 jẹ́ fàdákà, ìyókù jẹ́ bàbà. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 5.65, ti ṣílè méjì jẹ́ 11.31, sísì jẹ́ 2.83, tọ́rọ́ jẹ́ 1.41. Tọ́rọ́ kan àti tọ́rọ́ kejì wọn sísì kan, sísì méjì wọn ṣílè kan. Owó tó ń wọn ara rẹ̀ ni. Nígbà tí ogun parí, fàdákà gbówó lórí. Ní oṣù Kejì ọdún 1920, ounce kan dé kọ́bọ̀ (ìyẹn pẹ́nì) 89 àbọ̀ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, bẹ́ẹ̀ kọ́bọ̀ 66 péré ni iye owó tí wọ́n ń fi ounce kan rọ. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ṣílè tí a ń ná ní kọ́bọ̀ 12, fàdákà inú rẹ̀ nìkan ti tó kọ́bọ̀ 16. Kò sí ìjọba tí yóò máa rọ irú owó bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dín fàdákà tiwọn kù sí ìdajì lọ́dún yẹn. Ti àwa, wọ́n yọ ọ́ kúrò pátápátá, wọ́n fi idẹ dípò rẹ̀. Ọ̀pẹ kan náà ló wà lára rẹ̀, orí ọba kan náà, orúkọ kan náà. KN àti G wá ń yọ nídìí ọ̀pẹ.

Àǹtí sọ fún mi pé ọwọ́ ìyá tó bí ìyá àgbà ni ìyá àgbà ti gba owó náà. Ìyá tó ni ín yẹn kò mọ̀wé. Kò ka H rí, kò ka KN rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí idẹ dé ọjà, ó mọ̀. Ó ná idẹ, ó fi fàdákà pamọ́.

*

Kò lè jẹ́ òun nìkan ló fi fàdákà pamọ́. Lọ́dún 1918 ni wọ́n mú ìwé owó ṣílè kan wá, àwọn ènìyàn kò sì fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ wo inú ilé ayé ìgbà náà: òrùlé koríko, òjò, ikán, iná àdògán. Níbo ni ènìyàn yóò fi ìwé pamọ́ sí?

*

Orúkọ tí a ń pe owó, ìtàn ni òun náà. Kọ́bọ̀ jáde láti ara ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pe bàbà. Tọ́rọ́ ni owó kọ́bọ̀ mẹ́ta, sísì ni ti mẹ́fà. Nígbà tí náírà dé ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1973, pọ́n-ùn kan di náírà méjì, ṣílè kan di kọ́bọ̀ mẹ́wàá, sísì di kọ́bọ̀ márùn-ún. Àwọn ìyá wa kò yí ẹnu wọn padà. Mo ṣì rántí ìgbà tí wọ́n ń rán wa lọ ra iyọ̀ sísì, tó sì jẹ́ pé owó kọ́bọ̀ márùn-ún onírin ni wọ́n ń kó lé wa lọ́wọ́.

*

Ọ̀nìní kì í ṣe fàdákà, ṣùgbọ́n n kò lè fò ó. Mẹ́wàá ló jẹ́ kọ́bọ̀ kan, 120 ló jẹ́ ṣílè kan, 2400 ló jẹ́ pọ́n-ùn kan. Ó dálu láàárín, kọ́bọ̀ àti ẹ́ẹ̀pìnnì náà dálu, ìràwọ̀ onígun mẹ́fà sì yí ihò náà ká. Àwọn ènìyàn tó ti ń sín owó ẹyọ ní ogójì-ogójì láti ìgbà ìwáṣẹ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ wọn ní ohun tí ihò wà fún. Okùn tó wà nínú agolo wa, mo ka ohun tó wà lórí rẹ̀: ogójì ni. Mo tún un kà. Ogójì géérégé.

Àkọ́kọ́ rẹ̀, ti 1907 àti 1908, alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe é. Ojú ọjọ́ wa jẹ ẹ́, wọ́n sì pa á tì. Lára owó ìgbà náà, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé NIGERIA BRITISH WEST AFRICA. Ọdún méje ṣì kù kí Lugard tó so Gúúsù àti Àríwá pọ̀. Orúkọ wa ti wà lára owó kí orílẹ̀-èdè náà tó wà.

Òmíràn tún wà lórí okùn náà: 1936, H nísàlẹ̀, orúkọ ọba sì jẹ́ EDWARDVS VIII. Ọba yẹn gorí ìtẹ́ ní oṣù Kìíní ọdún 1936, ó sì fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà, kí ó tó dé adé. Ní ilẹ̀ tirẹ̀ gan-an, wọn kò rọ owó kankan ní orúkọ rẹ̀ fún ọjà. Tiwa jáde nítorí pé ihò ló wà láàárín, kò sí àyè orí ọba, orúkọ nìkan ni wọ́n nílò. Ohun tí ọmọ Lọ́ńdọ́ọ̀nù kò fi ra búrẹ́dì rí, àwọn ìyá wa ní Ìjerò àti Arámọkọ fi ra ata.

*

Ní Ẹ̀fọ̀n, wọ́n fi fìlà àtijọ́ kan hàn mí tí wọ́n rán sísì àti ṣílè mọ́ etí rẹ̀ yíká. Ihò méjì-méjì ni wọ́n lu sára owó kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, kí ó má baà máa mì. Ihò òkè gba orí adé ọba kọjá. Ihò ìsàlẹ̀ gba ibi tí lẹ́tà wà gan-an. Owó 11 ni mo kà lára fìlà náà, n kò sì lè sọ ilé tí wọ́n ti rọ ẹyọ kan nínú wọn. Mo bẹ onífìlà náà pé kí ó má tú u. Bí ó ṣe wà yẹn, iṣẹ́ ọwọ́ Ẹ̀fọ̀n ni, ó sì ju ohun tí lẹ́tà lè sọ fún mi lọ.

*

Ti ayédèrú. Láàárín ọdún 1920 sí 1940, ṣílè ayédèrú gbalẹ̀ ní ìhà ìwọ̀-oòrùn débi pé ilé ẹjọ́ àti ọlọ́pàá kò sinmi lórí rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Tóyìn Fálọlá ti kọ̀wé nípa rẹ̀. Ìgbà yẹn ni orúkọ Ìjẹ̀bú lẹ̀ mọ́ ohun tí kì í ṣe ojúlówó. N kò fara mọ́ ọn. Alágbẹ̀dẹ tó ń dá owó wà níbi púpọ̀, kò sì tọ́ kí a fi iṣẹ́ àwọn díẹ̀ sọ odidi ọmọ ìlú lórúkọ.

Lẹ́tà kékeré yìí máa ń tú wọn fó. Owó gidi, òǹtẹ̀ irin ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú agbára, nítorí náà etí lẹ́tà rẹ̀ mú, ilẹ̀ tó yí i ká sì jọ̀lọ̀. Ayédèrú, dída ni wọ́n da á. Wọ́n á tẹ owó gidi mọ́ amọ̀, wọ́n á da irin yíyọ́ sí ojú rẹ̀. Amọ̀ kì í gba ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀ dáadáa. H rẹ̀ máa ń wú bí ohun tí omi wọ̀, ihò wẹ́wẹ́ bí ojú abẹ́rẹ́ máa ń wà láyìíká rẹ̀, àwọn ìlà wẹ́wẹ́ etí owó náà á sì ti dàrú níbi tí wọ́n ti gé ẹnu ibi tí irin gbà wọlé kúrò. Ẹ tún fi sórí ìka, kí ẹ fi òmíràn kàn án jẹ́jẹ́. Fàdákà máa ń dún pẹ́. Òjé máa ń dún kọ̀, ó parí.

*

Òṣùwọ̀n kékeré tí àwọn oníwúrà ń lò kò wọ́n mọ́. Bí ẹ bá ní owó kan ṣoṣo láti ná lórí iṣẹ́ yìí, òun ni kí ẹ rà. Ojú lè tan ènìyàn, ìwọ̀n kì í sábà tan ni.

*

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni lẹ́tà ti ń sọ̀rọ̀. Lára owó East Africa ìgbà ogun kejì, SA dúró fún Pretoria, I dúró fún Bombay. Àwọn ará wa ní Kétu àti Pọ̀tọ̀-Nóvò tó bọ́ sábẹ́ Faransé, owó fáráńsì ni wọ́n bá pàdé: A fún Paris, K fún Bordeaux, BB fún Strasbourg. Ní Gáḿbíà, owó fáráńsì márùn-ún onífàdákà rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣílè títí di 1922 tí ìjọba fi gbà á kúrò nílẹ̀.

Èyí tó le jù ni owó Maria Theresa, ọbabìnrin Austria, tó gba aṣálẹ̀ wọ Òkè Ọya, tí àwọn alágbẹ̀dẹ sì ń yọ́ fi ṣe ẹ̀gbà. Gíráàmù 28 ni. Ọdún tó wà lára gbogbo rẹ̀ ni 1780, ọdún tí obìnrin náà kú, bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n ṣì ń rọ ọ́ ní ọ̀rúndún ogún ní Vienna, Rómù, Lọ́ńdọ́ọ̀nù, Paris, Bombay àti Birmingham. S.F. ló wà lábẹ́ àyà rẹ̀ níbi gbogbo. Kò sí lẹ́tà tí yóò sọ ìlú fún ọ. Àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ń ka ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ tó wà lára búróòṣì èjìká rẹ̀, wọ́n sì máa ń wo ìrù idì tó wà ní ẹ̀yìn owó náà, ìyẹ́ kan lẹ́yìn òmíràn. Lẹ́yìn tí mo gbìyànjú rẹ̀ lára ẹyọ kan fún odidi ọ̀sán, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Heaton fún H rẹ̀.

*

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ń gbé ní Birmingham. Mo ní kí ó bá mi dé Icknield Street, níbi tí ilé ìrọwó Heaton wà. Ó ya àwòrán iwájú ilé náà ránṣẹ́: bíríkì pupa, fèrèsé gíga-gíga. Lọ́dún 1850 ni Ralph Heaton ra ẹ̀rọ ìrọwó tó jẹ́ ti Matthew Boulton ní Soho, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ owó fún ilẹ̀ tó jìnnà àti èyí tó súnmọ́. Òun àti Kings Norton bá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ rọ kọ́bọ̀ ní 1918 àti 1919, lẹ́tà wọn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọdún lára rẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé ní 2003. Ọmọ náà ní òun ti ń gba iwájú ibẹ̀ kọjá lọ sẹ́nu iṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta, òun kò mọ̀ pé ibẹ̀ ni ṣílè ìyá àgbà ti wá.

*

Sísì kan wà nínú mẹ́rin inú agolo tó dúdú bí ìdí ìkòkò. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí n tó mọ ohun tí mo mọ̀ báyìí, mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ̀ ọ́ bí a ṣe ń fọ ìkòkò. Ó dán gbinrin. Nígbà tí mo gbé e sábẹ́ awò, ìlà fífọ̀ ló kún ojú rẹ̀ bí ilẹ̀ tí a fi ìgbálẹ̀ gbá, ìsàlẹ̀ rẹ̀ níbi tí lẹ́tà yẹ kó wà sì ti tẹ́. N kò ní mọ̀ láéláé bóyá mo pa H rẹ́ ni àbí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nínú ìwé mi, iwájú sísì yẹn nìkan ni mo kọ àmì ìbéèrè sí. Ó ń dùn mí títí di òní.

Dúdú tó wà lára fàdákà kì í ṣe ìdọ̀tí. Afẹ́fẹ́ ló fi bò ó díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì ń dáàbò bo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ má fi Brasso kàn án, ẹ má fi iyanrìn kàn án, ẹ má fi omi ọsàn kàn án. Bí erùpẹ̀ bá wà lára rẹ̀, omi lásán tó, kí ẹ fi òwú rírọ̀ tẹ̀ ẹ́ gbẹ, ẹ má nù ún. Ẹ dì í sínú ìwé funfun, ẹyọ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ọ̀rá kò dára, ó ń sé ọ̀rinrin mọ́ owó lára.

*

Àwọn tó ń ra fàdákà àlòkù máa ń wá sí ọ̀dọ̀ wa láti ìgbà dé ìgbà. Ìwọ̀n ni wọ́n ń rà. Wọ́n á da ti 1913 aláìlámì pọ̀ mọ́ H, wọ́n á da ẹ̀gbà ọwọ́ tó fọ́ mọ́ ọn, gbogbo rẹ̀ á di odidi fàdákà kan nínú ìkòkò ìyọ́rin. Ilé àkójọ owó ti Báńkì Àpapọ̀ wà ní Àbújá, ó sì dára pé ó wà, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú gíláàsì níbẹ̀ kò lè sọ ẹni tó ná owó yẹn ní Ìjerò, tàbí ohun tó fi rà.

Bí ẹ bá ní irú agolo bẹ́ẹ̀ nílé, ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Kí ẹ tó pín in, kí ẹ tó tà á, ẹ gbé e síbi ìmọ́lẹ̀, kí ẹ wo ìdí ọ̀pẹ. Ẹ kọ ọdún sílẹ̀, ẹ kọ lẹ́tà sílẹ̀, ẹ kọ ìwọ̀n sílẹ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó fi pamọ́ àti ilé tí a ti rí i. Ìwé kékeré kan tó. Èyí tí mo kọ fún agolo tiwa rèé: ṣílè mẹ́sàn-án, H méje, Lọ́ńdọ́ọ̀nù méjì; ṣílè méjì-méjì mẹ́ta, H ni gbogbo rẹ̀; sísì mẹ́rin, H mẹ́ta, ìkan n kò mọ̀; tọ́rọ́ kan, Lọ́ńdọ́ọ̀nù; ọ̀nìní ogójì lórí okùn kan, n kò tú u. Ti ìyá ìyá àgbà ni. Àǹtí ti gbà kí agolo náà wà lọ́wọ́ mi.